George Sale, M. S. Cole àti Àlùkùráánì: Ẹ̀kọ́ fún Ẹni Tó Ń Túmọ̀ Ìwé Ẹlòmíràn

Nínú ẹ̀kọ́ tòní, mo fẹ́ kí a jọ wo ìgbésí ayé àti iṣẹ́ ọkùnrin ará Lọ́ńdọ̀nù kan, George Sale, ẹni tó túmọ̀ Àlùkùráánì sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1734. Lẹ́yìn náà, a ó padà wá sílé, sọ́dọ̀ Àlùfáà M. S. Cole, ẹni tó kọ́kọ́ túmọ̀ Àlùkùráánì sí èdè Yorùbá ní ọdún 1906. Kristẹni ni àwọn méjèèjì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn kan lè túmọ̀ ìwé ẹ̀sìn náà kí ó má sì ṣi àwọn tó ni ín lọ́nà?

Ìbéèrè yìí kan èmi alára. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lé orí àwọn ọ̀rọ̀ àyálò láti inú èdè Lárúbáwá tó wà nínú Yorùbá ẹ̀sìn. Nígbà ààwẹ̀ tó kọjá, mo gbé fóònù mi lọ sí ilé kéú kan ní Mushin láti gba ohùn ààfáà kan sílẹ̀ bó ṣe ń túmọ̀ Kùránì fún àwọn ènìyàn. Wọ́n ní kí n dúró ná.

“Ṣé o máa ń kírun?”

“Rárá, sà. Ìyá bàbá mi ló ń kírun.”

“Ṣé kí o lè bá wa jiyàn lo ṣe fẹ́ gbà á sílẹ̀?”

“Rárá, sà. Àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mò ń wá.”

Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ó dáa. Ohun tí mo bá sọ, kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́. Èyí tí ìwọ bá rò, kọ ọ́ sí ọ̀tọ̀. Má pò wọ́n pọ̀.”

Mo ní mo gbọ́. Ẹ ó rí i níwájú pé n kò gbọ́ dáadáa.

Ta ni George Sale?

Nǹkan bí ọdún 1697 ni wọ́n bí George Sale. Amòfin ni, iṣẹ́ òfin ló sì fi ń jẹun. Kò fi ìgbà kankan gbé ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Voltaire, òǹkọ̀wé Faransé nì, kọ ọ́ pé Sale lo ọdún 25 láàárín àwọn Lárúbáwá, ṣùgbọ́n àṣìsọ pátápátá ni. Lọ́ńdọ̀nù ni Sale jókòó sí tó ti kọ́ èdè náà, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ Síríà méjì tó ń gbé ibẹ̀: Salomon Negri àti Carolus Dadichi. Àwọn ẹgbẹ́ Kristẹni kan ní Lọ́ńdọ̀nù ń ṣe Májẹ̀mú Titun ní èdè Lárúbáwá nígbà náà, wọ́n sì gba Sale mọ́ àwọn tó ń ṣàtúnṣe sí i. Iṣẹ́ yìí ló tún mú kí ọwọ́ rẹ̀ dán sí i nínú èdè náà.

Ní 1734, ìtumọ̀ Àlùkùráánì tó ṣe jáde. Ọdún méjì péré lẹ́yìn rẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 1736, Sale kú, kò sì tíì pé ogójì ọdún tàbí kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa súnmọ́ ọn. Àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó kó jọ wà ní ilé ìkàwé Bodleian ní Oxford títí di òní. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì gbára lé jù lọ fún ohun tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Thomas Jefferson, ẹni tó padà di ààrẹ Amẹ́ríkà, ra ẹ̀dà kan ní 1765 nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ òfin. Ẹ̀dà yẹn gan-an ni Keith Ellison, Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin orílẹ̀-èdè náà, gbé ọwọ́ lé ní oṣù kìíní ọdún 2007.

Àwọn tó ṣíwájú rẹ̀

Kí a tó lè mọ ohun tí Sale ṣe, ó yẹ kí a mọ ohun tó bá nílẹ̀. Ní 1143, Robert of Ketton túmọ̀ Àlùkùráánì sí èdè Látìn ní ilẹ̀ Sípéènì. Ó ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́, ó ń gé ibì kan kúrú, ó ń na ibòmíràn. Ní 1647, André du Ryer túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 1649, ti Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ jáde, èyí tí a mọ̀ mọ́ orúkọ Alexander Ross. Láti inú Faransé ni wọ́n ti yí i padà, kì í ṣe láti inú Lárúbáwá. Ìtumọ̀ orí ìtumọ̀ ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹnì kẹta rí mọ ohun tí èyí máa ń dà.

Ní 1698, àlùfáà Kátólíìkì kan, Ludovico Marracci, tẹ ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà àti ìtumọ̀ Látìn jáde pọ̀ ní ìlú Padua. Ó mọ èdè náà dunjú. Ṣùgbọ́n bó bá ti túmọ̀ apá kan tán, àtakò ló máa ń tẹ̀ lé e: ó ń túmọ̀, ó ń jà.

Ohun tí Sale ṣe yàtọ̀, àti ibi tó kù sí

Sale jẹ gbèsè ńlá lọ́wọ́ Marracci, ó sì jẹ́wọ́ pé òun lo ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù tí Sale tọ́ka sí, inú ìwé Marracci ló ti bá wọn pàdé. Ṣùgbọ́n kò dúró síbẹ̀. Ó yá ìwé àfọwọ́kọ al-Baydawi, ọ̀kan nínú àwọn tàfúsírù tí àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn bọ̀wọ̀ fún jù lọ, ní ilé ìkàwé ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará Nẹ́dálándì tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, ohun tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí sọ nípa rẹ̀ ló ń wá.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè nìyí. Nígbà tí Sale bá fi ọ̀rọ̀ kan kún un kí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì lè já geere, tàbí nítorí pé tàfúsírù ló fi í síbẹ̀, lẹ́tà dídagẹ̀rẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Òǹkàwé á rí i pé èyí kò sí nínú Lárúbáwá. Àlàyé tó bá gùn, ìsàlẹ̀ ojú ìwé ló wà. Èrò tirẹ̀ nípa Ìsìláàmù wà nínú ọ̀rọ̀ àkọ́sọ gígùn kan níwájú ìwé, lọ́tọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí a sọ ọ́ di ẹni mímọ́ o. Pùròtẹ́sítáǹtì ni Sale, ó sì sọ ọ́ gbangba níwájú ìwé rẹ̀ pé òun kò gba Àlùkùráánì gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó tilẹ̀ rò pé àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì nìkan ló lè takò ó kí ó sì kẹ́sẹ járí. Mùsùlùmí tó bá ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ yẹn á rí ohun tí yóò dùn ún. Ṣùgbọ́n ó lè ṣí i kọjá. Sale kò fi èrò rẹ̀ pamọ́ sínú ẹnu Àlùkùráánì. Òǹkàwé lè bá Sale jà kí ó má sì ṣi ìwé náà gbọ́. Pẹ̀lú Robert of Ketton, èyí kò ṣeé ṣe, nítorí a kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ onílé parí sí, tí ti àlejò ti bẹ̀rẹ̀.

Al tí Sale yọ, al tí Yorùbá gbé mì

Ṣáájú Sale, Alcoran ni àwọn ará Yúróòpù ń pe ìwé náà. Sale ṣàlàyé pé atọ́ka lásán ni al tó wà níwájú rẹ̀ ní èdè Lárúbáwá, pé orúkọ ìwé náà gan-an ni Qur'an. Nítorí náà, Koran ló kọ. Gẹ̀ẹ́sì ti ní atọ́ka tirẹ̀, kò nílò méjì.

Yorùbá kò ní irú atọ́ka bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ Lárúbáwá dé ọ̀dọ̀ wa, a kò mọ al sí nǹkan ọ̀tọ̀. A gbé e mì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ orúkọ tó tẹ̀ lé e. Yorùbá kò sì gba kí kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀ léra wọn, a wá fi fáwẹ̀lì là wọ́n láàárín. Ibẹ̀ ni àlù- inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti wá:

al-Qur'an: Àlùkùráánì
al-janna: àlùjánnà
al-baraka: àlùbáríkà
al-basal: àlùbọ́sà

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo èyí. Bí al bá di àlù-, kí ló dé tí a kì í sọ pé “àlùdúrà”? Kí ló dé tí wòlíì tàbí òjíṣẹ́ Ọlọ́run lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí fi ń jẹ́ Ànábì, tí kò jẹ́ “àlùnábì”?

Ìdáhùn wà nínú fonọ́lọ́jì Lárúbáwá. Lẹ́tà 28 ni wọ́n ní. Mẹ́rìnlá ni wọ́n ń pè ní lẹ́tà òṣùpá, mẹ́rìnlá ni lẹ́tà oòrùn. Níwájú lẹ́tà òṣùpá, a máa ń gbọ́ l inú al. Níwájú lẹ́tà oòrùn, àrànmọ́ ń ṣẹlẹ̀: l yóò di ìró kan náà pẹ̀lú lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Q, j àti b wà lára lẹ́tà òṣùpá. D, n, t àti s wà lára ti oòrùn. Ad-du'a ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe “al-du'a”. An-nabi ni, kì í ṣe “al-nabi”. Ìdí nìyẹn tí tiwa fi jẹ́ àdúà tàbí àdúrà, tó sì jẹ́ Ànábì.

Ẹ lọ wo orúkọ ọjọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa lọ́jà: Àlàárùbá àti Àlàmísì ní l, Àtàláátà kò ní. Ẹ wo àkókò ìrun: Àlàásárì ní l, Àsùbáà kò ní. Òfin kan náà ló ń ṣiṣẹ́.

Kí ni èyí kọ́ wa? Nínú àkọsílẹ̀ Lárúbáwá, l yìí wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ìbáà jẹ́ lẹ́tà oòrùn, ìbáà jẹ́ ti òṣùpá. Ẹnu nìkan ni ìyàtọ̀ wà. Bó bá jẹ́ pé ojú ìwé ni a ti kó àwọn ọ̀rọ̀ yìí, àlù- ni gbogbo wọn ìbá ní. Etí ni a fi gbà wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn gba ẹnu àwọn Háúsá àti àwọn ènìyàn òkè ọya mìíràn kọjá kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, etí ni àwọn náà sì fi gbà á. Ọjọ́ pẹ́ tí Yorùbá ti ń gbọ́ Àlùkùráánì kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ síwèé fún wọn ní èdè tiwọn.

Cole àti àwọn ọ̀rọ̀ tó bá nílẹ̀

Èyí ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ Cole. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Mùsùlùmí ti pọ̀ ní Èkó. Ní 1894, wọ́n ṣí Mọ́sálásí Shitta Bey ní erékùṣù Èkó. Ní 1896, ìjọba dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Bíbélì lódindi ti wà ní Yorùbá láti 1884, iṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìlànà àkọtọ́ ti wà láti ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875. Ní 1906, Àlùfáà M. S. Cole gbé Àlùkùráánì jáde ní Yorùbá. Àtẹ̀jáde kejì tẹ̀ lé e ní 1924.

Ẹ ro ipò tó wà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ Àlùkùráánì sórí, lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n kọ́ ní ilé kéú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lè ka a-b-d, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Àwọn tó ni ìwé náà kọ́ ló rọrùn jù fún láti kà á.

Ẹ tún wo àwọn ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ẹni tó bá ń túmọ̀ nígbà náà. Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ti mú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí wọ inú Bíbélì: àlùfáà, wòlíì, àdúrà, ìwàásù. Ní Lárúbáwá, walī kì í ṣe ẹni tó ń jíṣẹ́ Ọlọ́run fún ènìyàn. Ẹni tó súnmọ́ Ọlọ́run ni, ọ̀rẹ́ Rẹ̀. Inú Bíbélì Yorùbá ni wòlíì ti wá gba iṣẹ́ tí Ànábì ń ṣe lẹ́nu àwọn Mùsùlùmí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń túmọ̀ Àlùkùráánì ní 1906, tó bá kọ wòlíì, ó ń fi ọ̀rọ̀ Lárúbáwá túmọ̀ Lárúbáwá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí Kristẹni fún un ni yóò gbé wọlé. Bó bá kọ áńgẹ́lì dípò màláíkà, ohùn ṣọ́ọ̀ṣì ni etí yóò gbọ́. Títí di òní, ẹ kàn wo bí ẹnì kan ṣe kọ Ọlọ́run tàbí Ọlọ́hun, ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ibi tó ti ń jọ́sìn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ní àwọn ọdún 1970, àwọn Mùsùlùmí fúnra wọn gbé ìtumọ̀ tiwọn jáde. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ lónìí ni Àlùkùráánì Alápọ̀nlé. Kì í ṣe “mímọ́” bíi ti Bíbélì. Karīm ni Lárúbáwá lò, ẹni iyì, ẹni ẹ̀yẹ; alápọ̀nlé sì bá a mu wẹ́kú. Ọ̀rọ̀ tí onílé yàn nìyẹn.

Àṣàkẹ́ àti Aṣàkẹ́

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Nígbà tí ààfáà ń túmọ̀, wọ́n pe Ọlọ́hun ní Ajọkẹ́-ayé, Aṣàkẹ́-ọ̀run. Orúkọ méjèèjì tí wọ́n ń túmọ̀ ni ar-Rahman àti ar-Rahim. Mo lọ sílé, mo kọ ọ́ sínú orí kẹta iṣẹ́ mi pé “ìtumọ̀ ar-Rahman ní Lárúbáwá ni ẹni tó ń jọ kẹ́ gbogbo ayé.” Alábòójútó mi fi gègé pupa yí i po. Wọ́n ní, “Ayé dà nínú ọ̀rọ̀ yìí? Fi hàn mí.”

Kò sí níbẹ̀. Gbòǹgbò kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wá, r-ḥ-m, èyí tó jẹ mọ́ àánú. Kò sí ayé, kò sí ọ̀run, kò sí ṣíṣà nínú wọn. Àwọn onítàfúsírù ló ṣàlàyé pé àánú ti àkọ́kọ́ kárí gbogbo ẹ̀dá ní ayé, ti èkejì sì jẹ́ ti àwọn onígbàgbọ́ ní ọ̀run. Àwọn ààfáà Yorùbá wá fún àlàyé yìí pọ̀ di orúkọ méjì. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì dùn létí. Ṣùgbọ́n tàfúsírù ni. Bí Sale bá ni yóò tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà dídagẹ̀rẹ̀ ni ayé àti ọ̀run yóò wà. Èmi ti pa ohùn ààfáà, ohùn ìwé àti ohùn ara mi pọ̀ di ẹyọ kan, ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe gan-an.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni mo lọ bá. Oríkì tiwọn ni Àṣàkẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́hun ń jẹ́ orúkọ wọn.

“Rárá o,” wọ́n ní. “Èmi, wọ́n ṣà mí ni, wọ́n fi ń kẹ́ mi. Òun ló ń ṣà.”

Ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ nìyẹn lẹ́nu ẹni tí kò jókòó ní kíláàsì rí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à-, olóhùn ìsàlẹ̀, ló wà níwájú Àṣàkẹ́ àti Àjọkẹ́: ẹni tí a ṣe é sí. A-, olóhùn àárín, ló wà níwájú Aṣàkẹ́ àti Ajọkẹ́, bó ṣe wà níwájú apẹja: ẹni tó ń ṣe é. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì ohùn sí i, ẹni tí a kẹ́ àti Ẹni tó ń kẹ́ni yóò di ọ̀kan náà lójú ìwé.

Ìparí

Mo padà sí Mushin. Mo ka ojú ìwé tí mo tún kọ fún ààfáà: ọ̀rọ̀ Lárúbáwá lókè, ọ̀rọ̀ tiwọn láàárín pẹ̀lú orúkọ wọn, àlàyé tèmi nísàlẹ̀. Wọ́n tún ibì kan ṣe. Wọ́n ní èyí tí mo rò nísàlẹ̀ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, ṣùgbọ́n kí n fi í síbẹ̀, ó kúkú jẹ́ tèmi.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ẹni tí kò sí nínú ẹ̀sìn lè túmọ̀ ìwé ẹ̀sìn náà, bó bá gbà kí onílé kọ́ òun ní èdè ilé, tó sì sàmì sí gbogbo ibi tí òun ti dá sí ọ̀rọ̀. Sale ṣe èyí dé ìwọ̀n kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Cole ṣí ọ̀nà rẹ̀ fún wa nílé, àwọn onílé sì ti ń bá a lọ láti ìgbà náà. Ọwọ́ wa ló kù sí.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí ẹ rò pé ó wá láti inú Lárúbáwá, tí ẹ gbọ́ lẹ́nu ènìyàn ní Yaba, Surulere tàbí Mushin láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èwo ló ní al, èwo ni kò ní? Ṣé òfin oòrùn àti òṣùpá bá gbogbo wọn mu?

2. Àtìní wá láti ara al-ithnayn. Kò sí lẹ́tà oòrùn lẹ́yìn al níbẹ̀, síbẹ̀ Yorùbá kò ní l. Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀?

3. Ẹ wá ẹni tó lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ “mímọ́” àti “alápọ̀nlé” fún yín. Ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Èyí tí ẹ̀yin bá rò, ẹ kọ ọ́ sí ọ̀tọ̀.